Ọkọ̀ Funfun Tó Pọ́n Nídìí: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Lórí Fífi Ásíìdì Inú Ilé Fọ Ọkọ̀ Ojú Omi ní Òṣogbo

Ọkọ̀ ojú omi tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ọkọ̀ fáíbà funfun kan tí gígùn rẹ̀ tó mítà 5, tí ẹni tó ni ín rà ní àlòkù ní etí ọ̀sà l'Ékòó, tó sì gbé wá sí adágún Erinlẹ̀ ní agbègbè Ẹdẹ. Ẹja ló fi ń pa níbẹ̀, bí àlejò bá sì fẹ́ rìn lórí omi lọ́jọ́ ìsinmi, a fi gbé wọn. Nígbà tó pinnu láti tà á, ó gbé e wá sí ọgbà iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìkìrun ní Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń fi fáíbà tún bọ́ńpà mọ́tò àti táńkì omi ṣe. Ẹni tó kọ́kọ́ wá wò ó kò rí ẹ̀sùn kankan fi kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Àwọ̀ ìdí ọkọ̀ náà ló fi já owó tí wọ́n ti jọ fẹnu kò sí wálẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ni ọkọ̀ fi ní kí ọ̀gá ọgbà iṣẹ́ náà bá òun fọ̀ ọ́ kó funfun kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìkánjú yìí wà lára ohun tó fa ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ìdọ̀tí tó wà lára ọkọ̀ náà kì í ṣe oríṣi kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó wò ó ló kà á sí ọ̀kan. Ní ibi tí omi máa ń dé lára ọkọ̀, ìlà kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì yí i ká, ó pọ́n bí omi tíì tí wọn kò tíì da mílíìkì sí. Nísàlẹ̀ ìlà yìí, ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ ti gbẹ mọ́ ọn, pẹ̀lú àmì dúdú wínníwínní. Lẹ́yìn ọkọ̀, níbi tí wọ́n ti fi bóòtù de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn, ìpẹtà ti ṣàn wálẹ̀ láti abẹ́ bóòtù kọ̀ọ̀kan. Ní ìdí rẹ̀ gan-an, àwọn òrùka funfun líle kan wà tí ọwọ́ máa ń bá bí èèyàn bá fi ọwọ́ rá a: ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀dá oníkarahun inú omi iyọ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn nígbà tó ṣì wà l'Ékòó.

Àwọn tó wà nítòsí ní ìdáhùn kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀: wúrà tí wọ́n ń wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tó sọ omi Ọ̀ṣun di rúsúrúsú. Ọ̀rọ̀ nípa omi Ọ̀ṣun kì í ṣe irọ́, ẹni tó bá ti dé Igbó Ọ̀ṣun láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n orí omi Erinlẹ̀ ni ọkọ̀ yìí ti ṣiṣẹ́, ilẹ̀ pupa wa tó kún fún irin, àti ewé tó ń jẹrà sínú omi, sì tó láti pa ọkọ̀ funfun láró láìsí pé awakùsà kankan dá sí i.

Ohun tó ń dán lóde ọkọ̀ fáíbà ni wọ́n ń pè ní gelcoat. Kò nípọn, ìdajì mìlímítà ni, tàbí kó lé díẹ̀. Nígbà tó bá wà ní tuntun, omi kì í tètè ráyè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń jẹ ẹ́ títí tí yóò fi ṣá, tí ihò tí ojú kò lè rí yóò fi là sí i lára. Inú àwọn ihò wọ̀nyí ni irin àti omi ewé máa ń wọ̀ lọ. Ẹni tó bá ń fi agbára ha á kò lè bá ìdọ̀tí náà níbẹ̀, àfi tó bá ha gelcoat fúnra rẹ̀ kúrò.

Ọṣẹ àti omi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ti bẹ̀rẹ̀. Ẹrẹ̀ lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé lọ, ìlà pupa kò yí padà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ wá mú kànrìnkàn onírin, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò tó jóná, ó sì fi ha apá ọ̀tún ọkọ̀ náà títí apá fi ń ro ó. Ó funfun díẹ̀ lójú ẹsẹ̀, inú gbogbo wọn sì dùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àmì ìpẹtà tuntun ti jáde káàkiri ibi tó ha. Àjákù irin tín-tìn-tín láti ara kànrìnkàn náà ló há sínú gelcoat, ìrì òru sì mú un dípẹtà. Ibi tí wọ́n fẹ́ sọ di funfun wá dọ̀tí ju ti àná lọ, ó sì tún ní ojú híha tí kò ní kúrò.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀gá wọn ní kí wọ́n da bílíìṣì sí i. Bílíìṣì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀: àmì dúdú àti ìyókù ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé pòórá, ìlà tó yí ọkọ̀ ká náà sì ṣá díẹ̀, nítorí pé apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ omi ewé. Ṣùgbọ́n ìpẹtà kì í gbọ́ ti bílíìṣì. Ọ́síjìn ni bílíìṣì fi ń ba àwọ̀ jẹ́, ìpẹtà sì jẹ́ irin tí ọ́síjìn ti jẹ tán. Kò sí ohun tó kù tí bílíìṣì lè ṣe fún un. Ìlà abẹ́ àwọn bóòtù dúró digbí. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ohun tí díẹ̀ kò bá ṣe, púpọ̀ yóò ṣe é, nítorí náà wọ́n tún da òmíràn sí i, wọn kò sì fi omi ṣàn án.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni òjò ṣú, wọ́n sì ti ọkọ̀ wọ inú ṣẹ́ẹ̀dì kan tí wọ́n fi páànù dí ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jáde. Hydrochloric acid ló wà nínú rẹ̀, òótọ́ sì ni pé irú ásíìdì bẹ́ẹ̀ ń mú ìpẹtà kúrò. Ọmọ iṣẹ́ kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń dà á láti òkè. Èkejì kúnlẹ̀ sábẹ́ ìdí ọkọ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó. Bí ásíìdì náà ti kan bílíìṣì tó ṣì tutù lára ọkọ̀ ni gáàsì chlorine jáde. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó kúnlẹ̀ ló fà á símú jù. Ojú rẹ̀ ń ṣomi, ikọ́ kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀, orúnkún ló fi wọ́ jáde. Ẹni tó wà lóòró náà ń wúkọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè pariwo pé, "Ọ̀gá, ẹ má wọlé o! Ẹ dúró síbẹ̀!" Igbe yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀gá náà ti ń sáré bọ̀, ká ní ó wọlé ni, àwọn mẹ́ta ni wọn ì bá máa gbé.

Wọ́n gbé ọmọ náà jìnnà sí ṣẹ́ẹ̀dì, síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Wọ́n bọ́ aṣọ tó ti tutù mọ́ ọn lára, wọ́n sì ń da omi tó mọ́ sí i lójú àti lọ́wọ́ láìdáwọ́ dúró. Gbogbo èyí dára. Ìyá kan tó ń ta oúnjẹ nítòsí sáré gbé epo pupa wá, ó ní, "Ẹ fún ọmọ mi mu, yóò pa oró rẹ̀." Inú rere ló fi ṣe é, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa bá nílé náà ni. Ṣùgbọ́n epo pupa kò ní ọ̀nà tó lè gbà dé ibi tí gáàsì ti ṣọṣẹ́, ẹni tó sì ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀ lè fa epo náà gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ọ̀ràn náà di méjì. Ọ̀gá náà dá a dúró pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n sì gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn. Dókítà dá a dúró mọ́jú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ́ náà ti rọlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ẹ̀dọ̀fóró tí chlorine ti jó lè gba omi sára lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tí ara ti dà bí ẹni pé ó balẹ̀. Ó padà sílé láìsí àléébù.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ké sí mi. Mo ní kí wọ́n ti ọkọ̀ náà bọ́ síta gbangba, kí wọ́n fi omi púpọ̀ ṣàn án láti òkè dé ìdí, títí kan abẹ́ ẹsẹ̀ àwọn bóòtù níbi tí bílíìṣì lè sá pamọ́ sí, kí wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ohunkóhun tó tún kàn án. Rewáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gbà wá nímọ̀ràn pé, "Ẹ̀gbọ́n, omi bátìrì ni kẹ́ ẹ lò, kíá ló máa ṣe é." Mo kọ̀. Sulphuric acid ni omi bátìrì, ó ń jó ara àti aṣọ, ó sì ń jẹ irin tó bá kàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó ń ṣe lára ìpẹtà tí ásíìdì tó rọ̀ jù ú lọ kò lè ṣe bí a bá fún un ní àkókò.

Ìdánwò ló tẹ̀ lé e, mo sì kà á sí ibi tí iṣẹ́ náà ti yí padà sí rere ju bí mo ti ka ásíìdì fúnra rẹ̀ lọ. A la ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí méjì, a sì fi ìdajì rẹ̀ ra ibi tó kéré bí ọwọ́ ọmọdé lábẹ́ bóòtù kan. Omi ọsàn náà pọ́n díẹ̀díẹ̀ lójú wa, nígbà tí a sì fi omi ṣàn án, ibẹ̀ ti mọ́ ju àyíká rẹ̀ lọ. Ìpẹtà nìyẹn, citric acid tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́ sì ń dì í mú. A kán fínígà sórí òrùka funfun kan, ó sì hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹfun ara ìkarahun ni, ásíìdì bíi ti fínígà yóò yọ́ ọ. A fi àkísà tó ní kẹrosíìnì nu dúdú kan nítòsí ẹ́ńjìnnì, ó bá àkísà lọ. Epo ẹ́ńjìnnì nìyẹn, ásíìdì kankan kò sì ní í mú un kúrò láé. Ìdọ̀tí mẹ́ta, oògùn mẹ́ta, ohun tí a sì fi mọ̀ wọ́n kò ju ọsàn, fínígà àti àkísà lọ.

Lórí àwọn òrùka funfun, fínígà nìkan tó. Ìdá 5 nínú 100 rẹ̀ ni ásíìdì, ìyókù jẹ́ omi, kò sì lè ṣe gelcoat ní jàǹbá bí a bá ṣàn án kúrò. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó máa ń ṣàn dànù lára ohun tó dúró lóòró. A rẹ bébà tíṣù sínú rẹ̀, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀, a sì fi nylon bò ó kó má baà gbẹ.

Fún ìlà pupa, a ra citric acid oníyẹ̀fun lọ́wọ́ àwọn tó ń ta èròjà ọṣẹ ní ọjà Ìgbọ̀nà, a sì po gíráàmù 100 mọ́ lítà omi 1 nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke. Omi ló kọ́kọ́ wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ásíìdì tó tẹ̀ lé e. Pẹ̀lú citric acid, ewu rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ́ ọn lára láti da omi sórí ásíìdì yóò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá di omi bátìrì mú, yóò sì ta sí i lójú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò tó bo ojú yíká ni gbogbo ẹni tó sún mọ́ ọn wọ̀. Ìbòmú aláṣọ tí ọ̀kan nínú wọn mú wá láti ìgbà Kòrónà kò wúlò fún gáàsì, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀, kó má baà fi ọkàn tán an.

Abala àkọ́kọ́ kò lọ bó ti yẹ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ náà fi omi ásíìdì kun ìdajì ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀sán gangan, oòrùn sì gbẹ ẹ́ kí wọ́n tó dé ìparí. Ásíìdì tó bá gbẹ kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Ohun tó kù di kíríkírí funfun tó lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, ibi tó sì ti ṣàn wálẹ̀ lórí ibi gbígbẹ ya ojú ìlà sí i. Láti ìgbà náà lọ, ìrọ̀lẹ́ la fi ń ṣe é, ibi tí apá kan lè dé la ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, a ń fi omi lásán rẹ ẹ́ kí ásíìdì tó kàn án, a ń kun ún láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, a sì ń lẹ tíṣù tí a rẹ sínú rẹ̀ mọ́ ọn bí a ti ṣe pẹ̀lú fínígà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ṣí tíṣù kúrò. Tíṣù funfun náà ti di àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ irin tó kúrò lára ọkọ̀ ni. Ibi tí tíṣù bá ti pọ́n, a tún un ṣe. Ibi tí tíṣù bá ti funfun bó ti wà, a fi í sílẹ̀, nítorí pé fífi ásíìdì sílẹ̀ pẹ́ níbi tí kò ti rí irin dì mú kò ní í bí irin fún un.

Citric acid mú èyí tó pọ̀ jù lọ. Ìlà abẹ́ àwọn bóòtù àti ibi tí wọ́n fi kànrìnkàn onírin ha ló ṣorí kunkun, ibẹ̀ nìkan la sì ti lo oxalic acid, ásíìdì oníyẹ̀fun mìíràn, gíráàmù 50 nínú lítà omi 1. Ó ń di irin mú gan-an: ó ń sọ ìpẹtà di ohun tí omi lè gbé lọ, kò sì ń gbóná bí hydrochloric acid, bẹ́ẹ̀ ni kì í rú èéfín. Ṣùgbọ́n májèlé ni. Bó bá wọ inú ara, kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń dì mú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀ la dúró sí nígbà tí a ń wọn yẹ̀fun rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì jẹun nítòsí.

Kẹ̀kẹ́ irin tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ náà kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Síńkì ni wọ́n fi bò ó kó má baà dípẹtà, níbi tí hydrochloric acid ti kán sí i lọ́jọ́ wàhálà yẹn, síńkì náà ti ṣí, irin ìhòòhò sì ti ń pọ́n. Wọ́n ń wá bí ìpẹtà yóò ṣe kúrò lára ọkọ̀, wọ́n sì ń dá òmíràn sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Tàpólì la fi bò ó kí iṣẹ́ tiwa tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ funfun tán, òjò rọ̀, ìlà pupa sì tún jáde lábẹ́ àwọn bóòtù. Ẹni tó ni ọkọ̀ bínú, ó ní ásíìdì wa kò lágbára. A tú bóòtù kan: irin lásán ni, kì í ṣe irin tí kì í dípẹtà, ó sì ti jẹ débi tí orí rẹ̀ fẹ́ já. Kò sí ásíìdì tó lè borí orísun tó ń ṣàn lójoojúmọ́. Wọ́n pààrọ̀ gbogbo wọn, wọ́n fi gọ́ọ̀mù tí omi kì í wọ̀ dí ìdí wọn, a sì tún fọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹni tó gba iṣẹ́ bá rí ìpẹtà tó ṣàn wálẹ̀ ní ìlà, kó kọ́kọ́ wo òkè ìlà náà kó tó ra ásíìdì.

Lẹ́yìn fífi omi ṣàn án, a fi káún tí a pò mọ́ omi nu ara ọkọ̀ náà. Káún tí a fi ń se ewédú yìí ń pa agbára ásíìdì. Níbi tí ásíìdì bá ti kù, yóò hó, bí híhó náà bá sì dúró, ó ti parí. Omi eérú tí àwọn aláró Òṣogbo mọ̀ dunjú lè ṣe irú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n káún rọrùn láti wọ̀n. Ìda tí wọ́n fi ń kun mọ́tò ló kẹ́yìn, torí pé gelcoat tí ásíìdì ti fọ inú ihò rẹ̀ mọ́ yóò tún fa ìdọ̀tí wọlé kíákíá bí a kò bá dí i. Apá ọ̀tún ṣì ní ojú híha, ásíìdì kò sì ní oògùn fún ìyẹn. Ọkọ̀ náà tà, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á yọ owó díẹ̀ nítorí ibẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń bi mí léèrè ásíìdì wo ló lágbára jù, ó sì dà bí ẹni pé ìbéèrè yẹn gan-an ló ń kó wọn sí wàhálà. Ásíìdì tó lágbára jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n lò lára ọkọ̀ yìí ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Kì í ṣe òun nìkan ló fẹ́ pa ọmọ yẹn, ohun tó bá pàdé ni, nínú yàrá tí atẹ́gùn kò ti lè gbé e lọ. Bí a bá ti lo bílíìṣì lára ohunkóhun, iṣẹ́ ásíìdì ti di ọjọ́ mìíràn, lẹ́yìn omi púpọ̀ àti gbígbẹ. Èyí kan fínígà náà, ó sì kan omi ọsàn wẹ́wẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ohun tí a ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ ibi tí omi ìfọ̀ yóò ṣàn sí kò gbọdọ̀ jẹ́ àfiṣẹ̀yìn. Ẹni tó ni ọkọ̀ yìí ti kọ́kọ́ fẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ ní etí adágún, torí pé omi wà nítòsí níbẹ̀. Adágún Erinlẹ̀ wà lára orísun omi ẹ̀rọ tí Òṣogbo àti Ẹdẹ ń mu, ẹja sì wà nínú rẹ̀. Nínú ọgbà iṣẹ́ náà pẹ̀lú, kànga kan wà, nítorí náà a gbẹ́ kòtò kékeré síbi tó jìnnà sí i, a sì da káún sínú rẹ̀ kí omi ìfọ̀ tó wọ ilẹ̀.

Oxalic acid tó ṣẹ́ kù ló kẹ́yìn. Ọmọ iṣẹ́ kan ti mú ike omi mímu tó ṣófo wá láti rọ ọ́ sí. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, inú irú ike kan náà ni gbogbo wọn sì ti ń mu omi. A da káún sí èyí tí a ti pò títí tí kò fi hó mọ́, a bù omi púpọ̀ lé e, a sì dà á sínú kòtò. Yẹ̀fun rẹ̀ padà sínú ike tí wọ́n tà á sí, a kọ orúkọ rẹ̀ sára, a sì tì í mọ́ inú àpótí tí bílíìṣì kò sí nínú rẹ̀.